Ìlú Tí Wọ́n Ń Ti Ènìyàn Mọ́lé Nítorí Òjò Dídì

Ìlú kékeré kan ni a óò kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Alta ni orúkọ rẹ̀. Orí òkè ni ó wà, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2020, ènìyàn 228 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Agbo ilé ńlá kan nílẹ̀ wa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ni ó ń wọ́ gun òkè náà. Wọn kò wá ná ọjà, wọn kò sì wá wo ọdún. Òjò dídì ni wọ́n wá bá. Wọ́n fẹ́ de pátákó mọ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n sì yọ̀ lórí òjò dídì láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí kan náà, àwọn ọjọ́ wà tí àṣẹ yóò jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ orí síta. Onílé o, àlejò o, gbogbo wọn ni yóò wọlé tí wọn yóò sì ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá jáde ti rú òfin, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n fi owó wá náà ni wọ́n ń sá fún! Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ tún un pè.

ÒJÒ DÍDÌ ÀTI SÍKÌ

Gbogbo wa ni a mọ yìnyín tí ń bá òjò wá nílẹ̀ wa. Ó le bí òkúta, ó ń dún gbà-gbà-gbà lórí páànù, àwọn ọmọdé a sì máa sáré ṣà á jẹ. Òjò dídì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù bá mú gidigidi lókè, omi inú ìkùukùu kì í kán sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òjò. Ńṣe ni ó ń dì di nǹkan wẹ́wẹ́ funfun tí ó ní apá mẹ́fà, tí ó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Kì í dún bí ó bá ń bọ̀ sílẹ̀. Ènìyàn lè sùn lálẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ wà bí ó ti wà, kí ó jí láàárọ̀ kí ó rí i pé ojúde ti funfun báláú. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa pè é ní òjò dídì, orúkọ náà sì bá a mu. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Chicago mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó lè lọ síbi iṣẹ́.

Òjò dídì kò rí bákan náà níbi gbogbo. Òmíràn tutù rinrin, ó wúwo, a lè fi ọwọ́ mọ ọ́n bí ẹni mọ amọ̀. Ti Alta gbẹ, ó sì fúyẹ́. Bí a bá bu èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ kún ìgò 100, tí a sì gbé e kaná títí tí ó fi yọ́, omi tí a óò rí nínú rẹ̀ kì í sábà ju ìgò 8 tàbí 9 lọ. Afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìyókù. Bí ènìyàn bá tẹ ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó lè rì í dé ìbàdí. Bí ó bá fi ọwọ́ bù ú tí ó sì fẹ́ ẹ, yóò bù yẹ̀ bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kù.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń rìn lórí ohun tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Síkì ni ìdáhùn. Síkì ni pátákó gígùn méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ ká sókè. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́. Lónìí wọ́n ń lo ike àti irin pẹ̀lú igi. A ó de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ bàtà líle. Nítorí pé ó gùn tí ó sì tẹ́, ó ń pín ìwúwo ènìyàn ká, kò jẹ́ kí ó rì tán. Bí onísíkì bá ti ń sáré bọ̀ láti òkè, òjò dídì yóò máa gbé e sókè bí omi ti ń gbé ọkọ̀ kékeré. Yóò máa yí sọ́tùn-ún, yóò máa yí sósì, funfun yóò máa tú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ kọjá létí rẹ̀. Àwọn tí ó ti ṣe é sọ pé kò sí ohun tó dùn tó o.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì Utah, Jim Steenburgh, ẹni tí ń kọ́ nípa ojú ọjọ́. Ó kọ ìwé kan jáde ní 2014 lórí òjò dídì àwọn òkè wọ̀nyí. Ó ṣàlàyé pé fífúyẹ́ nìkan kọ́ ni àṣírí náà. Bí ìjì kan bá mú èyí tí ó wúwo díẹ̀ wá ṣáájú, tí ó sì fi èyí tí ó fúyẹ́ parí, nígbà náà ni síkì ń dùn. Èyí tí ó wúwo dúró nísàlẹ̀ bí ẹní, èyí tí ó fúyẹ́ tẹ́ lé e lórí bí ìrọ̀rí. Bí ó bá jẹ́ pé òdìkejì ni, síkì yóò máa rì, ewu yóò sì wà. A óò padà dé orí ewu yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti bí ó ti ń pọ̀ tó. Bí wọ́n bá ro gbogbo èyí tí ń rọ̀ ní Alta láàárín ọdún kan pọ̀, ó sábà ń ju ínǹṣì 500 lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 41 ó lé díẹ̀ nìyẹn, gíga ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin! Lóòótọ́ kì í dúró ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó ń wálẹ̀ bí ó ti ń pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìparí 2022 wọ 2023, ínǹṣì 903 ni ó rọ̀. Wọn kò tí ì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ rí níbẹ̀.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ ń ti orí òkun Pàsífíìkì bọ̀, ó gbé omi lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá kan àwọn òkè Wasatch, kò rí ibi yà sí, òkè ni ó gbọ́dọ̀ gùn. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, omi inú rẹ̀ a sì dì, a bọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkì ní Alta ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8,530 sí ojú òkun. Òkè Chappal Waddi, tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, kò ga tó ìsàlẹ̀ Alta. Nítòsí ibẹ̀ ni adágún ńlá kan tí omi rẹ̀ kún fún iyọ̀ wà. Iyọ̀ yìí kì í jẹ́ kí ó dì. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé adágún náà ni ó ń fún wọn ní òjò dídì wọn. Àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, ohun tí ń ti ibẹ̀ wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Òkè ni ó ṣe iṣẹ́ jù, adágún ló gba orúkọ.

FÀDÁKÀ NI WỌ́N KỌ́KỌ́ WÁ

Kì í ṣe nítorí síkì ni wọ́n ṣe tẹ Alta dó. Ní nǹkan bí 1865 sí 1870, àwọn ènìyàn rí fàdákà nínú òkè náà. Láìpẹ́, ibi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti kún fún ilé igi, ilé ọtí, ṣọ́ọ̀bù, àti àwọn awakùsà tí ń gbẹ́ ilẹ̀ tọ̀sán tòru. Ihò kan tí wọ́n ń pè ní Emma ni ó lókìkí jù. Ní 1871 wọ́n gbé ìpín rẹ̀ lọ tà fún àwọn ará London ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní London, Robert Schenck, wà lára àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ náà. Kò pẹ́ rárá tí fàdákà inú rẹ̀ fi tán. Owó wọlé sápò àwọn kan, ẹkún wọlé àwọn yòókù. Ní 1876 Schenck fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òwò tí a kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa rọra wọ̀ ọ́ o.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí òkè. Awakùsà nílò igi. Wọ́n fi igi gbé òrùlé ihò ró, wọ́n fi igi kọ́lé, wọ́n fi igi dáná nínú òtútù. Wọ́n gé igi ẹ̀bá òkè títí òkè fi ṣí sílẹ̀ ní ìhòòhò. Wọn kò mọ̀ pé àwọn igi yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan fún wọn láìgba owó. Níbi tí igi bá pọ̀ sí, ó ń dúró bí òpó, ó ń di òjò dídì mú kí ó má ya lulẹ̀. Nígbà tí igi tán, kò sí olùdìmú mọ́.

Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí wó lu ìlú. Kì í ṣe pé ó ń rọ̀ o. Ó ń wó ni. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè kan yóò ya lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì sáré bọ̀ pẹ̀lú ariwo àti ìjì, yóò bo ilé àti ènìyàn mọ́lẹ̀. Láàárín 1870 sí 1890 ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀. Ní oṣù kejì 1885 ó pa ju ènìyàn mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1878, iná ti jó ìlú náà rí. Àwọn tí iná kò lé, òjò dídì lé wọn. Nígbà tí owó fàdákà sì já wálẹ̀ ní 1893, kò sí ohun tí ènìyàn tún ń dúró ṣe. Alta di ahoro.

BÍ AHORO ṢE TÚN DI ÌLÚ

Ní ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ George Watson. Ó ní ilẹ̀ kùsà púpọ̀ ní Alta, ó sì jẹ gbèsè owó orí lórí wọn. Ó pe ara rẹ̀ ní olórí ìlú Alta. Ìlú wo? Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òun nìkan ni ará ìlú! Watson yìí fi ojú ilẹ̀ náà lé ìjọba lọ́wọ́, kí gbèsè lè kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó ni ó gbà á.

Ẹ̀ka yìí rán Alf Engen lọ wo òkè náà. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni, wọ́n bí i ní 1909, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1929. Ọ̀gá ni nínú fífi síkì fò. Ó rí i pé ibẹ̀ dára fún síkì. Ó tún rí i pé òkè tí kò ní igi yóò máa pa àwọn onísíkì bí ó ti pa àwọn awakùsà. Nítorí náà, òun àti àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba gbà sí iṣẹ́ nígbà náà bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi padà. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí tóbi ju gbogbo ife ẹ̀yẹ tí Engen gbà lọ. Ó gbé títí di 1997, ilé ẹ̀kọ́ síkì tó wà ní Alta sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ní 1938 àwọn ará ìlú Salt Lake City dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì lo irin àti okùn irin tí àwọn awakùsà fi ń gbé òkúta wálẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè. Àga ni wọ́n so rọ̀ mọ́ okùn irin náà. Ènìyàn yóò jókòó, ẹ̀rọ yóò fà á gòkè, òun yóò sì fi síkì yọ̀ bọ̀. Ìgbà òtútù 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sẹ́ńtì 25 ni wọ́n ń gbà fún ìgòkè kan, dọ́là kan àti ààbọ̀ fún odindi ọjọ́. Lónìí, odindi ọjọ́ ju 100 dọ́là lọ! Nígbà ogun Hitler, ní 1942, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ń fi agbòòrùn fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú wá síbẹ̀ láti kọ́ síkì.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ènìyàn fi mọ Alta. Àwọn kan wà tí kì í lo síkì méjì. Pátákó fífẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń de ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́. Alta kò gbà wọ́n. Ní 2014 àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, ní 2016 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá Alta láre. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, orí ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n wà, ó yẹ kí òkè náà gba gbogbo ẹni tí ó bá sanwó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti parí.

KÍ LÓ Ń MÚ UN WÓ?

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì alẹ́, ìyá kan tí ń ta ẹ̀fọ́ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ ní ó rọ̀ bí òwú. Báwo ni òwú ṣe ń pa ènìyàn?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ìbéèrè gidi nìyẹn. Àpò òwú kan, ẹ lè gbé e rù?"

Ó ní òun lè gbé e.

"Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún àpò ló já lù yín lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

Ó ní, "Háà! Ó parí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Òjò dídì kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń rọ̀ ní ìpele ìpele, bí aṣọ tí a ká lé ara wọn nínú àpótí. Ìpele kan lè dì mọ́ èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Òmíràn kì í dì mọ́ ọn. Bí díẹ̀ bá rọ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́ tí òtútù mú fún ọjọ́ púpọ̀, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ yóò yí padà di hóró hóró bí ṣúgà. Ẹ bu ṣúgà sọ́wọ́, ẹ fún un. Ṣé ó di ara wọn mú? Kò dì. Bí ìjì tuntun bá wá kó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé irú hóró yìí lórí, a ti kọ́ ilé sórí yanrìn nìyẹn. Ohun kékeré ni yóò tú u. Ẹsẹ̀ onísíkì kan ṣoṣo tó. Nínú àwọn tí òjò dídì ń wó lù, èyí tí ó pọ̀ jù ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, ni ó tú u.

Kì í ṣe gbogbo òkè ni ó ń ya. Èyí tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ya. Èyí tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri kì í jẹ́ kí òjò dídì dúró pọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín méjèèjì, láti dígírì 30 sí 45, òun ni apànìyàn. Ó sì bani nínú jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an ni síkì ń dùn lórí rẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ náà ń dá kún un. Ó ń gbá òjò dídì kúrò ní ẹ̀yìn òkè kan lọ kó jọ sí èkejì, tí ẹrù ibẹ̀ a fi di ìlọ́po. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n máa ń fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ilẹ̀ tí ó sì dún "hùùm" lábẹ́ wọn, tàbí tí ó sán lọ gbọọrọ níwájú wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń padà sí.

Bí ó bá ti wó, ó lè sáré ju máìlì 60 lọ ní wákàtí kan. Nígbà tí ó bá sì dúró, kò rọ̀ bí òwú mọ́. Ó ti fún mọ́ ara, ó le bí kọnkéré. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè gbé ìka.

ÀGBÁ ÀTI ÀṢẸ

Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ọmọ ogun kan dé Alta. Monty Atwater ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka igbó ni ó gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo òjò dídì kí ó sì sọ ìgbà tí yóò wó. Kò sí ẹni tí ó ti fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Atwater bẹ̀rẹ̀ sí wọn ohun gbogbo: iye tí ó rọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wúwo tó, bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ni àgbà ń fi ìwé kíkọ ṣe, ẹ gbọ́ o: nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìjì kan ń fi àmì hàn kí ó tó pa ènìyàn.

Atwater kò dúró lórí wíwò. Ó ní, bí òjò dídì yóò bá wó, ẹ jẹ́ kí á mú un wó nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ẹ̀tù lọ́wọ́ gun òkè, iṣẹ́ tó léwu gan-an nìyẹn. Kí 1950 tó dé, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ ti gbé àgbá wá fún un. Wọ́n yin àgbá sí orí òkè láti ọ̀ọ́kán, òkè mì, òjò dídì ya wálẹ̀, kò sì bá ẹnì kankan. Ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀ lọ sí ibi púpọ̀. Lónìí àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n ti rì mọ́ orí òkè. Ènìyàn yóò wà nínú ilé, yóò tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ náà yóò sì bú gbàmù lókè lọ́hùn-ún.

Èyí ni ó fa àṣẹ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Interlodge ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà mọ́tò kan ṣoṣo ni ó wọ Alta, ó sì gba abẹ́ ibi tó ju 50 lọ kọjá tí òjò dídì máa ń wó sí. Bí ìjì bá pọ̀, wọn yóò ti ọ̀nà náà pa. Bí ewu bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé pàápàá, àṣẹ yóò jáde: ẹ wọlé, ẹ má jáde, títí a ó fi sọ pé ó tó. Nígbà mìíràn wọ́n á kó gbogbo ènìyàn lọ sí apá ibi tí ó lágbára jù nínú ilé. Ọlọ́rọ̀ tí ó sanwó gọbọi fún yàrá àti ọmọ tí ń fọ abọ́, ibì kan náà ni wọn yóò jókòó sí. Wọn yóò máa gbọ́ ìró ìbúgbàmù lóru, gíláàsì fèrèsé yóò sì máa gbọ̀n.

Ní oṣù kejì 2021, wákàtí 60 ni wọ́n fi wà nínú ilé. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn ti inú ìlú jíjìn wá, ó ti san owó, òjò dídì tí ó ń wá wà lẹ́yìn fèrèsé ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Àwọn kan á máa kùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀. Nígbà míì wọ́n ń ṣí òkè kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nìkan ni yóò wà lórí gbogbo òkè lọ́jọ́ náà, láìsí ẹni tí yóò bá wọn dù ú. Wọ́n ní àwọn mìíràn ń gbàdúrà kí wọ́n ti àwọn mọ́lé!

Ẹni tí òjò dídì bá bò, ìṣẹ́jú ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lórí. Bí wọ́n bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan bí ènìyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń yè. Bí ó bá di ààbọ̀ wákàtí, àwọn tí ń kú pọ̀ ju àwọn tí ń yè lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń lọ sí orí òkè tí kò ní olùṣọ́ ṣe ń gbé ohun mẹ́ta dání: ẹ̀rọ rédíò kékeré tí ń dún kí ẹlòmíràn lè mọ ibi tí wọ́n wà, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún ilẹ̀ wò, àti ṣọ́bìrì. Ẹni tí ó bá dá lọ, ta ni yóò hú u? Àwọn olùṣọ́ òkè tún ní ajá tí wọ́n ti kọ́ láti máa gbóòórùn ènìyàn lábẹ́ òjò dídì.

Ajá lásán kò gbọ́dọ̀ wọ àfonífojì yẹn bí kò ṣe pẹ̀lú ìwé àṣẹ pàtàkì, nítorí omi mímu ni. Bí òtútù bá lọ, òjò dídì Alta ń yọ́, ó ń ṣàn bọ̀ sísàlẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹ̀rọ omi àwọn ará Salt Lake City. Àwọn tí kò de síkì mọ́ ẹsẹ̀ rí láyé wọn ń mu òjò dídì yìí, wọ́n sì ń fi í se oúnjẹ.

Omi yìí ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí. Ní 2022 adágún oníyọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fà sẹ́yìn dé ibi tí kò tí ì fà dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀dá àti omi odò tí àwọn ènìyàn ń fà lọ sí oko àti ilé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku ibẹ̀ lọ bà lé òjò dídì. Ohun tí ó funfun ń ju oòrùn padà. Ohun tí ó dúdú ń gba ooru mọ́ra. Ẹ fi ọwọ́ kan aṣọ dúdú àti aṣọ funfun tí ẹ sá sínú oòrùn, ẹ ó mọ̀. Nítòsí Alta, ibì kan wà tí wọ́n ti ń wọn òjò dídì, orúkọ Atwater ni wọ́n fi pè é. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún yẹn pé eruku jẹ́ kí òjò dídì yọ́ tán ní ọjọ́ 17 ṣáájú ìgbà tí ì bá yọ́. Apá kan eruku náà ti ìsàlẹ̀ adágún náà wá.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín yìnyín àti òjò dídì?
2. Iṣẹ́ wo ni àwọn igi ń ṣe ní Alta kí àwọn awakùsà tó gé wọn?
3. Kí ló dé tí òjò dídì tí ó dà bí hóró ṣúgà fi léwu?
4. Ka ibi tí a ti sọ ti Atwater lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni ó ń kọ sínú ìwé rẹ̀?
5. Bí ìwọ bá jẹ́ àlejò ní Alta ní oṣù kejì 2021, kí ni ìwọ ì bá kọ sínú lẹ́tà sí àwọn ará ilé rẹ? Kọ ọ́ ní ìlà mẹ́fà.